Orúkọ Wo Ló Bá Èṣùbíyì Rìn? Sísọ Ọmọbìnrin Lórúkọ Nígbà Tí Orúkọ Ìdílé Bá Ń Kọ Ìyá Rẹ̀ Lóminú

Ọ̀rọ̀ ìkókó la gbé dání lónìí, ẹ jẹ́ kí á fi pẹ̀lẹ́ gbé e.

Ẹ fojú inú wo agbo ilé kan ní Ìjoun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa. Ọmọ tuntun wà nílẹ̀, obìnrin ni. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ti ra oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare sílẹ̀, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe àwọn àgbà. Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ìyá ọmọ sùn: Èṣùbíyì ni orúkọ ìdílé ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àkànní, orúkọ wo la fẹ́ fún ọmọ yìí tí wọn ò fi ní máa sá fún un níléèwé?" Ọkọ ní, "Orúkọ bàbá bàbá mi ni. Èmi kọ́ ni n ó pa á rẹ́." Ìyá ọkọ gbọ́ wọn láti ìdí ààrò, ó ní, "Ìyàwó mi, kí lorúkọ náà fi ṣe yín?"

A kàn fi ìdílé yìí ṣe àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣàjèjì sí. Àwọn kan ti sọ Ògúnbánjọ di Olúbánjọ. Àwọn mìíràn ti yọ Fá kúrò, wọ́n fi Olú sí i. Àwọn tí kò yí tiwọn padà a máa wá orúkọ tí yóò bo ti ìdílé mọ́lẹ̀, bí ẹni fi aṣọ bo egbò. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹ má ṣe fún ọmọ lórúkọ nítorí kó lè bo ti bàbá rẹ̀. Ẹ fún un ní èyí tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Bí orúkọ ẹnì kan ṣe di ti gbogbo ilé

Láyé àwọn baba ńlá wa, kò sí ohun tó ń jẹ́ sọ́néèmù. Kálukú ní orúkọ tirẹ̀, ó ní oríkì, ó sì ní orílẹ̀. Orílẹ̀ àti oríkì ni wọ́n fi ń mọ ilé tí ènìyàn ti jáde. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì, iléèwé àti kóòtù ìjọba dé ni akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Kí lorúkọ bàbá rẹ?" Èyí tí wọ́n dá a lóhùn lọ́jọ́ náà ló kọ sílẹ̀, òun náà ni àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ ń jẹ́ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ Èṣùbíyì wò dáadáa. Èṣù ló bí èyí. Ìyẹn ni pé tọkọtaya kan wá ọmọ títí, wọ́n lọ sídìí Èṣù, wọ́n rúbọ, ọmọ dé. Wọ́n fi orúkọ náà dúpẹ́ oore ni. Ọmọ tí wọ́n fún lórúkọ yẹn mọ ìtàn rẹ̀, àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n, ará àdúgbò náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ ẹ lónìí ni kò gbọ́ ìtàn mọ́. Orúkọ dé ọwọ́ rẹ̀, ọpẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe rí náà nìyẹn fún ọ̀pọ̀ orúkọ ìdílé tó ń dààmú àwọn òbí. Kòsọ́kọ́ jẹ́ orúkọ àbíkú: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ láti sin ín. Lónìí, ọmọ tí kò ṣe àbíkú rí ń jẹ́ ẹ. Babátúndé jẹ́ orúkọ ọmọkùnrin tí bàbá àgbà kú kí wọ́n tó bí i, ọmọbìnrin sì ń jẹ́ ẹ ní orúkọ ìdílé. Orúkọ ẹnì kan ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀.

Ta ló da ẹrẹ̀ sí orúkọ Èṣù?

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ní 1825 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Sàró, ó sì gba orúkọ àlùfáà òyìnbó kan, Samuel Crowther. Síbẹ̀, kò ju Àjàyí nù. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ti ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Nínú ìtumọ̀ náà ni Èṣù ti dúró ní ipò ọ̀tá Ọlọ́run. Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá ń jẹ́ Èṣùbíyì yóò jókòó ní kíláàsì, wọn yóò ka ẹsẹ Bíbélì, gbogbo ojú yóò sì yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ifá mọ̀ pé Èṣù kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Òun ló ń ṣọ́ àṣẹ. Òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ. Òun ló ń jẹ́rìí ẹni tó rú àti ẹni tí kò rú. Kò sí òrìṣà tí a ń bọ tí a kì í yọ ti Èṣù sọ́tọ̀.

Àwọn àgbà tó ṣáájú wa kò tijú orúkọ yìí. Ọba Èṣùgbàyí Elékò gorí ìtẹ́ ní Èkó ní 1901. Ìjọba òyìnbó rọ̀ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Ó pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, ìgbìmọ̀ náà ní ìjọba kò lè fọwọ́ agbára mú ènìyàn láìsí òfin tó gbè é lẹ́yìn níwájú ilé ẹjọ́. Ọba padà sílé lọ́dún náà. Títí di òní, àwọn lọ́yà ń ka ẹjọ́ yẹn, Eshugbayi sì ni orúkọ tó ṣáájú níbẹ̀. Èṣù gba èyí là, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Ohun tí Ifá ń wò kí ó tó kan etí

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nílé onísẹ̀ṣe, wọn yóò kọ́kọ́ ṣe àkọsẹ̀jayé, tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lọ́jọ́ kẹta. Babaláwo yóò dá Ifá, odù tó bá jáde yóò sì sọ òrìṣà tó bá ọmọ wáyé, èèwọ̀ rẹ̀, àti ọ̀nà tí orúkọ rẹ̀ yóò gbà. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ló kárí gbogbo wọn.

Tí ọmọ bá mú orúkọ bọ̀ láti ọ̀run, ìyẹn ló ń ṣáájú. Ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, Àìná ni. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Kò sí orúkọ ìdílé tó lè yí ìyẹn padà. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àbísọ, tí a ń wo ipò tí ọmọ bá ilé, àti oríkì: Àbẹ̀ní, Àníkẹ́, Àlàkẹ́, Àṣàbí. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni a tó lè fi etí gbọ́ bí orúkọ ọmọ àti ti bàbá yóò ṣe dún pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìjoun. Ká ní Ifá sọ pé Ọ̀ṣun ló bá ọmọ yìí wáyé, tí wọ́n sì pè é ní Ọ̀ṣunbùnmi. Ọ̀ṣunbùnmi Èṣùbíyì. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní wọ́n ti dá kún ìṣòro. Ẹni tó mọ ìtàn Ọ̀ṣẹ́tùrá yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ifá sọ fún wa pé àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin mẹ́rìndínlógún wá tún ayé ṣe, wọ́n sì fi Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo àárín wọn, sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé dàrú. Olódùmarè ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ inú rẹ̀ tó bí, Ọ̀ṣẹ́tùrá, tí ọ̀pọ̀ awo mọ̀ sí Èṣù, ló wá ń gbé ẹbọ wọn dé ọ̀run. Nínú ìtàn náà, Ọ̀ṣun ni ìyá, Èṣù ni ọmọ. Orúkọ ọmọ yìí àti ti bàbá rẹ̀ ti wá di ìtàn kan náà.

Ó sì bá agbègbè wa mu. Àwa tí à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti Kétu dé Yewa, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n kọ́ wa pé a kì í fi àwọn ìyá sẹ́yìn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn, nítorí àwọn ìyá wa ni à ń jó o.

Tí Ifá kò bá dárúkọ Ọ̀ṣun, ẹ má ṣe fi dandan mú un. Ẹ gbọ́ Tèmítọ́pẹ́ Èṣùbíyì: tèmi tó ọpẹ́, Èṣù ló bí èyí. Ẹ gbọ́ Morẹ́nikẹ́ Èṣùbíyì: mo rí ẹni tí n ó máa kẹ́, Èṣù ló bí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ó sì dá ọpẹ́ padà sínú orúkọ tí ó ti sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá so Jésùtófúnmi mọ́ Èṣùbíyì, a kò bá a jà o. Kó sáà mọ̀ pé ọmọ náà ni yóò máa làjà láàárín orúkọ méjèèjì lójoojúmọ́.

Orúkọ ọmọbìnrin a máa rìn jìnnà

Ohun kan wà tí a máa ń gbàgbé. Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ọmọbìnrin a máa fi orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ tó bá lọ ilé ọkọ. Èyí tí a fún un gan-an ni yóò mú lọ.

Ẹ wo akọni obìnrin Abẹ́òkúta nì, Fúnmiláyọ̀. Wọ́n bí i ní 1900, Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas lorúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tó kàwé dé láti ìlú ọba, ó kó Frances àti Abigail dànù. Ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti ní 1925, Thomas náà lọ. Nígbà tí Fẹlá ọmọ rẹ̀ yọ Ransome, tó fi Aníkúlápó dípò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ìyá náà bá a yí i padà. Orúkọ ìdílé mẹ́ta ló jẹ́ kó tó kú ní 1978. Fúnmiláyọ̀ nìkan ni kò yẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá wá orúkọ ọmọbìnrin tìtorí kó lè bo Èṣùbíyì, lọ́jọ́ tí ọmọ bá lọ ilé ọkọ, ìbòrí ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní èyí tó lè dá dúró.

Ohun tí ẹ ó dán wò

Ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ méjèèjì pọ̀ sókè láti ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun. Fáfúnkẹ́ Fágbèmí kì í ṣe èèwọ̀, ilé awo kún fún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n àlejò lè kọsẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìtumọ̀ wọn. Málọmọ́ Kòsọ́kọ́ yóò dà bí ẹni ṣì ń bẹ ọmọ tó ti pinnu láti dúró. Ayọ̀délé Kòsọ́kọ́ sọ pé ọkọ́ ti lọ, ayọ̀ ti wọlé. Yétúndé Babátúndé yóò mú kí wọ́n máa bi í pé ta ló padà gan-an nínú ìyá àti bàbá. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ìyá àgbà padà wá, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ìdáhùn.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láti 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín ilẹ̀ wa, ẹbí kan náà ń kọ orúkọ kan ní ọ̀nà mẹ́ta. Níhìn-ín, ó lè jẹ́ Esubiyi tàbí Eshubiyi. Lọ́hùn-ún ní Kétu, lábẹ́ ìlànà Faransé tí ṣ ń di ch, tí u ń di ou, yóò di Echoubiyi. Ọ̀ṣunbùnmi náà yóò di Ochounbounmi. Àníkẹ́ àti Àlàkẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, kò sì burú kí oríkì ọmọ wà nínú ìwé fún ìdí yìí. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ ọ́ láti ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́wọ́ àjọ ìkànìyàn, kí ó má baà di pé ọmọ kan ń jẹ́ ẹni méjì ní ẹnubodè.

Ó ku ìbéèrè ìyá ọkọ nídìí ààrò: kí lorúkọ náà fi ṣe yín? Ìyá yẹn ló yẹ kí a bi ní ìbéèrè padà. "Ìyá, ta ni Èṣùbíyì? Ọdún mélòó ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó bí i?" Kí wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n tún máa sọ ọ́ fún ọmọ náà bó ṣe ń dàgbà. Ọmọ tó bá mọ ìtàn orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá fi í ṣẹ̀fẹ̀ níléèwé ni yóò padà jókòó gbọ́ ìtàn lẹ́nu rẹ̀.

Kí orúkọ ro àwọn ọmọ wa sí rere. Kí Èṣù má ṣe wá lódì. Ó tún di ọjọ́ mìíràn. Àṣẹ.