Ìwé Tó Gba Ìdálóró Láyè

Òfin Amẹ́ríkà ka ìdálóró sí ìwà ọ̀daràn, orílẹ̀-èdè náà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí i. Báwo wá ni CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, ṣe da omi sí afurasí agbésùmọ̀mí lójú àti nímú títí yóò fi máa rò pé òun ti ń kú sómi, tí ẹnikẹ́ni kò sì tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n?

Ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2002, àwọn lọ́yà Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ kọ ìmọ̀ràn kan tí ọ̀gá wọn, Jay Bybee, buwọ́ lù. Wọ́n ní ìyà kì í di ìdálóró àfi tí ìrora rẹ̀ bá tó ti ẹni tí ẹ̀yà ara pàtàkì fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, tàbí ti ẹni tó ń kú lọ. Wọn ò yí òfin padà o. Ààlà ni wọ́n sún. Lóṣù yẹn kan náà, ìgbà 83 ni wọ́n da omi sí Abu Zubaydah, ọ̀kan lára àwọn afurasí náà, lójú. Ní 2004, ìjọba fúnra rẹ̀ kọ ìwé náà sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bóyá ó wúlò ni àwọn olóṣèlú ń jà sí. Dick Cheney, igbákejì ààrẹ nígbà náà lọ́hùn-ún, ní ó gba ẹ̀mí là. Ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà tí Dianne Feinstein darí ní kò rí bẹ́ẹ̀, nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2014. Aṣòfin John McCain, tí wọ́n ti dá lóró rí ní Vietnam, mọ̀ pé ẹni tí ìyà ń jẹ yóò sọ ohunkóhun tó bá rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ Ibn al-Shaykh al-Libi, afurasí kan tó ní wọ́n dá òun lóró, fìdí èyí múlẹ̀: ó sọ pé Iraq kọ́ àwọn al-Qaeda ní lílo ohun ìjà olóró, Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé e lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2003, ogun sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni al-Libi ní irọ́ lòun pa.

Lójú tèmi, ẹni tó bá ti ń bá àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ìdálóró jiyàn lórí ìwúlò nìkan ti gbà fún wọn ní ìdajì.

Òfin 2015 wá de CIA náà mọ́ ìlànà ìwádìí àwọn ológun. Àmọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n tì mọ́ ẹ̀wọ̀n ológun Guantánamo ṣì ń jìyà ìdálóró àtijọ́. Ní 2023, adájọ́ ológun kan da ìjẹ́wọ́ Abd al-Rahim al-Nashiri nù nítorí wọ́n ti dá a lóró ṣáájú. Òun ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ṣètò ìkọlù tó pa ọmọ ogun ojú omi 17 ní Yemen. Ọdún 2000 nìyẹn ṣẹlẹ̀. Nígbà tí adájọ́ sọ̀rọ̀ yìí, ìgbẹ́jọ́ gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀.