Ìfọ̀kànbalẹ̀ ọjọ́ JAMB: ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀

Lọ́dọọdún tí ìdánwò JAMB bá ti ń kan ilẹ̀kùn, ohun kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó: “Gbogbo ohun tí mo kà ti fò lọ!” Ọmọ tó ti ń kàwé láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Lójú tèmi, ìwé ò fò lọ síbì kankan, ẹ̀rù ló gba àyè ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ọpọlọ ní àyè kékeré kan tá a fi ń di ọ̀rọ̀ mú nígbà tá a bá ń ṣírò. Tó bá jẹ́ pé “mi ò gbọ́dọ̀ fèèlì” ló kún ibẹ̀, ibo ni ìṣirò fẹ́ jókòó sí? Lọ́dún 2011, Gerardo Ramirez àti Sian Beilock gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù sórí ìwé kété kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kọ ọ́ lọ, pàápàá àwọn tí àyà wọn máa ń já. Bírò àti ìwé lásán ni. Kọ tìẹ náà kó o tó jáde nílé.

Ohun téèyàn ò bá mọ̀ náà máa ń dẹ́rù bani. Ìbéèrè 180 ni, láàárín wákàtí méjì: 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló bọ́ sí ìbéèrè kan. Èyí tó bá le, fò ó, wàá padà wá bá a. Bí màósì bá ń dààmú ẹ, A, B, C àti D lórí kíbọ́ọ̀dù ló ń dáhùn, N ń gbé ẹ síwájú, P ń dá ẹ padà.

Bí wọ́n bá gbé ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Àgọ́-Ìwòyè, tètè lọ wo ibẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Jẹun kó o tó lọ, àmọ́ kì í ṣe ìkòkórè àjẹyó tí oorun á fi máa kùn ẹ́ o! Bí àyà bá sì já lórí àga, rọra fa èémí sínú, kó o tú u síta pẹ́ ju bó o ṣe fà á lọ, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àmọ́ ẹ̀yin òbí ni mo fẹ́ bá wí jù. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọmọ tí kò gba 200 nínú 400. Kíá, àwọn àgbà ti gbé e: ọ̀lẹ ni wọ́n, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá JAMB, jáde pẹ̀lú omijé, ó tọrọ àforíjì. Àṣìṣe ti wọ iṣẹ́ ibi ìdánwò 157 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ọmọ 379,997 lọ́rọ̀ kàn, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ṣé ẹni tó ti bú ọmọ ẹ̀ padà lọ bẹ̀ ẹ́?

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé máàkì kan ṣoṣo ò tó dá ọmọ lẹ́jọ́. “Má dójú tì wá o,” táwọn kan ń sọ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ẹrù ni, kì í ṣe àdúrà. JAMB á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. OOU ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè látọdún 1982, kò tíì kó lọ. Abraham Adesanya Polytechnic wà níbí lọ́dọ̀ wa.

Tí ọmọ bá ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé: “Lọ ṣe é bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Bó bá ṣe rí, ọmọ wa ni ọ́.”