Ọjọ́ Tí A Ń Yẹ́ Ajá Sí ní Ìlú Masaya

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tó bá ní ẹni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ni ajá ní lẹ́yìn. Òun ni ó ń bá wọ igbó, òun náà ni a sì fi ń bọ Ògún. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò Monimbó, ní ìlú Masaya ní orílẹ̀-èdè Nikarágúà, ẹni mímọ́ kan ni ó dúró ti ajá.

Masaya kò jìnnà sí Managua tí í ṣe olú-ìlú. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Monimbó: wọ́n ń mọ ìkòkò, wọ́n ń ṣe awọ, wọ́n sì ń hun ibùsùn tí a ń so rọ̀. Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ pé, wọn a fa ajá wọn lọ sí ilé ìjọsìn Màríà Magidalénà. Ajá kan wọ kaba, òmíràn dé fìlà, òmíràn múra bí ọmọ ọba tàbí aláwàdà. Orin ń dún, ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rò pé eré lásán ni.

Kì í ṣe eré lásán. Ẹ̀jẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wá san. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ yá, ẹni tí ajá rẹ̀ ti ń kú lọ tí ó tún jẹun, wọn a tan àbẹ́là níwájú ère Lásárù Mímọ́, wọn a dúpẹ́. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ kò tíì tán a bẹ̀bẹ̀. Lásárù yìí ni alágbe inú Ìhìn Rere Lúùkù, orí 16, tí egbò bo ara rẹ̀, tí ó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọlọ́rọ̀. Ènìyàn kò bojú wò ó. Ajá ni ó wá ń lá egbò rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ́ ajá sí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Yorùbá ni àwọn ará Masaya ti kọ́ ọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ Yorùbá. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Kúbà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí àwòrán Lásárù: egbò lára, ọ̀pá lábíyá, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọbalúayé ni wọ́n rí nínú rẹ̀, òrìṣà ìgbóná tí a kì í ṣàdédé pe orúkọ rẹ̀. Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ a máa lọ sí El Rincón, lẹ́bàá Havana. Àwọn mìíràn a sì fi orúnkún wọ́ dé ibẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ìdálẹ̀ yóò mọ ohun tí àwọn baba wọ̀nyí ṣe: ojú tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n wá láàrin àjèjì.

Ẹ̀wù kọ́ ni olórí ohun tí ajá ń fẹ́. Ajá tí a kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún lè di dìgbòlugi. Bí àrùn náà bá sì ti fara hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹni náà fi lè yè é. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì yára lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá sì ń sin ajá, ìbáà jẹ́ ní Kánò tàbí ní Jọ́ọ̀sì, kí ó mú un tọ dókítà ẹran lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń dúró ti ajá lẹ́yìn.