KÓKÓ TÍ DÓKÍTÀ KÒ WÁ, ṢÙGBỌ́N TÓ RÍ!

Ẹ jẹ́ ká sọ pé inú ń run ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Dókítà ní kó lọ ya àwòrán, bóyá òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀. Òkúta ò sí, ṣùgbọ́n kókó kan jókòó sórí kíndìnrín. Kí ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn? Jẹjẹrẹ! Kó tó délé, ẹbí ti ń sunkún, alágbo ti ń dá iye.

Ẹ fara balẹ̀ ná o!

Kí ló wà níbẹ̀?

Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹran kékeré kan wà, bí ẹni dé fìlà. Adrenal ni àwọn dókítà ń pè é. Kò wúwo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òun ló ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ gbá èèyàn ní Kútọ̀, tí àyà là gààrà, tí ẹsẹ̀ sì yára fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọdún 1895 tí àwọn Àgùdà dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò ni Röntgen rí X-ray ní Jámánì. Ṣùgbọ́n X-ray kì í sábà fi irú kókó yìí hàn. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ CT scan dé ní 1971 ni àṣírí inú ikùn bẹ̀rẹ̀ sí tú. Nínú àgbàlagbà 100 tí wọ́n bá fi í wo ikùn wọn, wọ́n lè bá kókó yìí lára bíi 3 sí 5. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tí wọ́n ń pè ní myelolipoma, tí kò wọ́pọ̀, ọ̀rá ni, pẹ̀lú ohun tó dà bíi mùdùnmúdùn inú egungun.

Ìbéèrè méjì

Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé ó ń tú họ́mọ̀nù jù? Àwòrán ló ń dáhùn ti àkọ́kọ́: bó ṣe tóbi tó, bóyá ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, dókítà á tẹjú mọ́ ọn gidi. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ló ń dáhùn ìkejì.

Má fojú di ìkejì o! Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ pheochromocytoma. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó burú. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ò ràn, orí fífọ́, òógùn tó ń bo èèyàn láìṣiṣẹ́, àyà tó ń lù kìkì: àmì rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Bí wọ́n bá fi abẹ tàbí abẹ́rẹ́ kàn án láìkọ́kọ́ fi oògùn rọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ lè ru sókè kó pa èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ètò bá pé, ó ṣeé yọ. Láti 1926 ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ní òkè òkun.

Nítorí náà, ẹ má fi èsì àwòrán pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá bíi Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, kí ẹ bi dókítà ní ìbéèrè méjèèjì. Bó bá ní kẹ́ ẹ lọ rí àwọn àgbà iṣẹ́ ní UCH, Ìbàdàn, ẹ lọ.

Ìkánjú kọ́ là ń fi lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí a bá gbàgbé sórí iná, jíjóná ló ń jóná.