Ìwé Kan Láti Ilẹ̀ Jámánì: Àwọn Ọmọ Méjì Tí Wọ́n Gbé Mọ́tò Lọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí àkọlé wa kí ẹ tó kà á tán. Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn kan ni a mú wá fún yín, èyí tí ọ̀gbẹ́ni Wolfgang Herrndorf, ará Jámánì, kọ, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Tschick ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni.

Maik ni ó ń sọ ìtàn náà. Ọmọ ọdún 14 ni. Ilé bàbá rẹ̀ ní Berlin dára, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà nínú ọgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n àlàáfíà kò sí níbẹ̀. Ọ̀mùtí ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, ìyá lọ sí ibi tí a ti ń tọ́jú irú wọn. Bàbá pẹ̀lú ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń bá a ṣiṣẹ́ sì bá ọ̀nà tiwọn lọ, ó ní iṣẹ́ ni. Ó fi 200 yúrò sílẹ̀ fún ọmọ. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bàbá yìí, ilé nìkan ni ó kọ́.

Nígbà náà ni Tschick dé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ó ti Rọ́ṣíà wá, tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣe. Ògbólógbòó mọ́tò Lada kan ni ó wà wá, ó jí i ni. Ó ní bàbá àgbà òun ń gbé ní Walachei, kí àwọn lọ kí i. Walachei wà lóòótọ́, ní ilẹ̀ Rùmáníà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Jámánì, ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni. Wọn kò ní máàpù. Wọ́n kàn ń lọ ni.

Olè ni olè ń jẹ́. A kò bò ó, ìwé náà kò sì bò ó. Ohun tí ó mú wa kọ̀wé nípa rẹ̀ ni irú ènìyàn tí àwọn ọmọ náà bá pàdé. Láti kékeré ni a ti ń sọ fún Maik pé ènìyàn burú. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ẹni rere nìkan ni wọ́n ń rí. Ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ kan tí kò mọ̀ wọ́n rí fún wọn ní oúnjẹ. Nílé náà, ìdáhùn sí ìbéèrè ni a fi ń pín ohun dídùn ẹ̀yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ilé sì fi àwọn àlejò sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí mọ́tò wọn dojú dé, obìnrin kan sáré gbé agolo ìpaná wá láti gbà wọ́n. Agolo náà já lu Tschick lẹ́sẹ̀, ó sì ṣe é léṣe. (A rẹ́rìn-ín níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ yẹ.) Obìnrin náà ni ó sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Lórí ààtàn ńlá kan ni wọ́n ti rí Isa, ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ dọ̀tí, tí ẹnu rẹ̀ sì mú. Wọ́n ń wá rọ́bà tí wọn yóò fi fa epo nínú mọ́tò ẹlòmíràn. Òun ni ó mọ ibi tí ó wà, òun náà ni ó mọ bí a ti ń fà á. Olè kejì nìyẹn, a ti kà á. Lórí òkè kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ́ lẹ́tà orúkọ wọn, wọ́n sì dá májẹ̀mú pé lẹ́yìn 50 ọdún, àwọn yóò tún pàdé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 yẹn gan-an ni àwọn dókítà rí kókó búburú nínú ọpọlọ Herrndorf, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn pẹ́. Ìwé tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ ni ó tún fà yọ, tí ó sì parí. Ẹni tí kò lè ṣèlérí ọdún márùn-ún fún ara rẹ̀ ni ó fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní àádọ́ta, kò sì sí ìkorò kankan nínú rẹ̀. Ó kú ní Berlin ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ní ẹni ọdún 48. Ìwé náà ti gba ẹ̀bùn ìwé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 2011, a ti ta ju mílíọ̀nù kan lọ, Fatih Akin sì fi ṣe sinimá ní ọdún 2016.

Wọn kò dé Walachei. Mọ́tò náà kọlu ọkọ̀ tí ó kó ẹlẹ́dẹ̀, ó sì di ilé ẹjọ́. Bàbá Maik pàṣẹ pé kí ó di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì lù ú. Maik kọ̀, ó sọ òtítọ́ níwájú adájọ́; Tschick náà sì ń gbé ẹ̀bi lé ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti pinnu láti fi ìwé náà lé ọmọ mi lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo olè inú rẹ̀.

Herrndorf ti tún ka àwọn ìwé ìgbà èwe rẹ̀, Huckleberry Finn wà lára wọn, ó sì rí i pé nínú wọn, àgbàlagbà tètè ń kúrò lọ́nà, ìrìn àjò ńlá ń bẹ, omi ńlá sì ń bẹ. Kò rí bí ọmọ òde òní yóò ti fi ìtì igi wa odò ní Jámánì; ni ó bá fún wọn ní mọ́tò. Omi náà dé ní ìparí. Bàbá ti bá ọ̀dọ́bìnrin náà lọ. Ìyá Maik ń ju àga ilé sínú adágún, ọmọ rẹ̀ ń bá a jù ú, títí àwọn méjèèjì fi wọ inú omi náà lọ, tí wọ́n di èémí mú nísàlẹ̀, tí wọ́n ń wo ọlọ́pàá méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lókè tí wọ́n ń wò wọ́n.