Fífi Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Wọ Àárín Ọkọ̀ Méjì

Ẹ̀yin abilékọ, ẹ̀yin abiyamọ, bí a bá bi àwọn obìnrin tí ń kọ́ ọkọ̀ wíwà léèrè ohun tí ó ń dẹ́rù bà wọ́n jù, ọ̀pọ̀ wọn kò ní dárúkọ eré sísá ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ohun tí wọn yóò sọ ni pé kí a ní kí àwọn fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ àyè tí ó wà láàárín ọkọ̀ méjì ní etí títì, kí ó sì dúró gbọọrọ bí èyí tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà lẹ́yìn. Àwọn mìíràn ti ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ bí wọ́n bá dé Dùgbẹ̀, wọn a kọjá àyè tí ó dára, wọn a lọ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó jìnnà réré, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lọ́wọ́.

Àwọn ọkùnrin a máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ obìnrin kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí a máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ti di sítíárìn mú kí baba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́yà náà tó dáyé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdánwò ìwakọ̀ ti Ìlú Ọba ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ yín ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú yín sì ń múra àtilọ bá ọkọ wọn. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà dé lè lò ó fún oṣù 12 péré lẹ́yìn tí ó bá ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lẹ́yìn èyí, bí ó tilẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ láti ogún ọdún, yóò gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́, yóò lẹ àmì L mọ́ ọkọ̀, yóò ṣe ìdánwò òfin ojú pópó, kí ó tó wá jókòó ti olùdánniwò nínú ọkọ̀ fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni olùdánniwò máa ń ní kí ènìyàn ṣe: kí ó fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ní etí títì, kí ó gbé e sí àárín ìlà ní pápá ìgbọ́kọ̀sí, tàbí kí ó dúró ní apá ọ̀tún títì, kí ó fà sẹ́yìn níwọ̀n ọkọ̀ méjì, kí ó sì tún bọ́ sójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí yóò kan òun, nítorí náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń kọ́. Ọwọ́ òsì sì ni wọ́n ń rìn níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe kí a tó yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Obìnrin tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ní Ìbàdàn yóò rí i pé apá kejì ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ohun tí olùdánniwò yìí ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé bí ọkọ̀ bá ti wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ti yege. Ohun méjì ni ó ń wò: bóyá ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ yín, àti bóyá ojú yín ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ kò bá wọlé dáadáa, a gbà yín láàyè láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé bọ́tà, tí ẹ kò sì rí ìyá tí ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kọjá lẹ́yìn yín, ìdánwò ti parí nìyẹn. Wọ́n lè fojú fo àṣìṣe kéékèèké títí dé 15. Ẹyọ àṣìṣe ńlá kan tó láti gbé ènìyàn ṣubú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ojú náà ni a fi ń fà sẹ́yìn.

Kí ló dé tí a fi ń fi ẹ̀yìn wọlé, tí a kò fi imú wọ̀ ọ́? Ẹ ronú nípa ọmọlanke. Ẹni tí ń tì í láti ẹ̀yìn lè fi imú rẹ̀ wọ àlàfo tóóró, nítorí pé ẹ̀yìn tí ó dúró sí ni ó ti ń darí rẹ̀. Táyà iwájú ni ó ń yí nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí a bá ń fà sẹ́yìn, ìdí ni ó ń ṣíwájú, táyà tí ń darí sì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ọlọ́mọlanke. Ìdí yóò kọ́kọ́ wọlé, imú yóò sì wá bá a. Ẹni tí ó bá fi imú wọ̀ ọ́, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ yóò kù sí ojú títì.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyí. Kí àyè náà gùn tó ọkọ̀ yín kan àti ààbọ̀. Bí ó bá kéré sí i, kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ó wà níwájú àyè náà, kí ìdí ọkọ̀ yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé, kí àlàfo àárín yín tó nǹkan bí mítà kan. Ẹ fi jíà sí ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì wo gbogbo àyíká, kì í ṣe inú dígí nìkan: ẹ yí ọrùn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa rá bí ìgbín, kí ẹ wá yí sítíárìn sí ọ̀tún. Bí ìdí ọkọ̀ ti ń wọlé, imú rẹ̀ yóò yọ sí ojú títì, ibẹ̀ gan-an ni ọlọ́kadà sì máa ń gbà, nítorí náà ẹ tún wo òsì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ̀ wọ àyè náà, ẹ dá sítíárìn padà sí gbọọrọ, kí ẹ máa fà sẹ́yìn lọ títí igun ọ̀tún iwájú ọkọ̀ yín yóò fi bọ́ kúrò lára ìdí ọkọ̀ iwájú. Ìgbà náà ni kí ẹ yí sítíárìn sí òsì pátápátá, imú yóò sì tẹ̀lé ìdí wọlé. Ìkánjú níbi ìyípadà kejì yìí ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn ha ọkọ̀ ẹlòmíràn lára. Bí ó bá sì jẹ́ àdúgbò tí gọ́tà rẹ̀ kò ní ìdérí ni, ẹ má ṣe wá bí ẹ ó ṣe sún mọ́ etí títì jù. Ọkọ̀ tí ó yọ síta díẹ̀ sàn ju èyí tí a ń pe ènìyàn mẹ́fà wá gbé lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe tirẹ̀. New York ṣì ń béèrè fún un nínú ìdánwò. California kò béèrè. Maryland yọ ọ́ kúrò ní ọdún 2015, wọ́n ní apá mìíràn nínú ìdánwò náà ti ń dán ọgbọ́n kan náà wò. Èmi kò bá wọn wí, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó má kọ́ ọ. Ìdí mi kò sí lójú títì rárá. Inú àgbàlá ilé ni ó wà.

Ọmọ ọdún méjì kò ga tó ìdérí búùtù ọkọ̀. Bí ó bá dúró tì í lẹ́yìn, kò sí dígí kankan tí yóò fi í hàn, bí ẹ tilẹ̀ yí ọrùn. Ọmọ náà sì ni yóò sáré jáde bí ó bá gbọ́ pé màmá ń lọ. Kámẹ́rà tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ìgbàlódé ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ òjò kan ṣoṣo tó láti fọ́ ọ lójú, kò sì lè rí ọmọ tí ó ṣì ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Kí ẹ tó wọlé sínú ọkọ̀, ẹ rìn yí i ká, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Kí àgbàlagbà kan di ọmọ mú ní ibi tí ẹ ti lè fi ojú yín rí àwọn méjèèjì. Bí ẹ kò bá rí wọn, kí ọkọ̀ má ṣe rìn. Ẹ dín ohùn rédíò kù, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ lè gbọ́ bí ẹnìkan bá kígbe. Ìwọ̀nba eré tí ẹ fi ń wọ àárín ọkọ̀ méjì náà ni kí ẹ fi jáde ní àgbàlá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fà sẹ́yìn bí ìgbín ṣì lè rí àyè sá.

Nítorí èyí ni inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ pé aláàárín kan ní òun yóò bá ìyàwó ilé gba ìwé àṣẹ wá sílé láìsí ìdánwò. Òfin wa ní kí a gba ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kọjá, kí àwọn VIO sì dánni wò, kí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tó fúnni ní ìwé. Ẹ lọ, kí ẹ sì béèrè pé kí olùkọ́ yín kọ́ yín ní fífà sẹ́yìn, bí kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á.

Láti fi dánra wò, ẹ wá pápá tí ó ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹnìkan tí ó ti ní ìwé àṣẹ jókòó tì yín. Kẹ́ẹ̀gì méjì tí a fi omi kún, tí a ki igi gígùn bọ̀ lẹ́nu, ni yóò dípò ọkọ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá kọlù ú, kò sí ẹni tí yóò bá yín jà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́yìn máa lu búùtù kí ó máa kígbe pé "gé ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀!" Irú wọn pọ̀ lójà, ojú wọn ni ẹ ó sì máa fi ríran títí láé bí ẹ bá gbára lé wọn. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Gèlè ńlá a máa bo ẹ̀gbẹ́ ojú, kì í sì í jẹ́ kí orí yí dáadáa, nítorí náà bí ó bá jẹ́ òde àríyá ni ẹ ń lọ, ẹ gbé gèlè sórí àga ẹ̀yìn, kí ẹ wé e nígbà tí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ sí.