Bí Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Ń Gbọ̀n Tàbí Tó Ń Kú Lójú Kan: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ẹni tó bá ń wakọ̀ láti Ìbàfò lọ sí Mowe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn olùjọ́sìn ń lọ sí Redemption City, mọ̀ pé dídúró pọ̀ ju rírìn lọ lójú títì náà. Ibẹ̀ ni àìsàn ọkọ̀ àtijọ́ ti máa ń hàn. Awakọ̀ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì kú láàárín àwọn tírélà. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti kú, agbára tó ń ran bíréèkì àti sítíárìn lọ́wọ́ á lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún àwọn ará Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ìfọ̀ àti agbègbè wọn, pàápàá àwọn tó ń fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ jẹun.

Àwọn mẹkáníìkì wa ń pe bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan ní “slow”. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, ó máa ń wà láàárín ìyípo 600 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Kò burú bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀ ní òwúrọ̀. Afẹ́fẹ́ àti epo ní láti wà ní ìwọ̀n tó bára mu, kí iná pulọ́ọ̀gì sì ṣẹ́ lásìkò. Èyí tó bá yẹ̀ nínú wọn, slow ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀, nítorí pé epo tó ń wọlé nígbà náà kéré débi pé àléébù díẹ̀ á di ńlá.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kíyè sí ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ni, ó ṣeé ṣe kí fáàfù tó ń fi afẹ́fẹ́ kún un ti dọ̀tí. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ nìkan, ẹ fura sí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ń mì tìtì ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo kò mira, ẹ kọ́kọ́ yẹ síìtì ẹ́ńjìnnì wò.

Rọ́bà afẹ́fẹ́ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbójú fò. Èmi tí mò ń kọ èyí ti ra pulọ́ọ̀gì tuntun àti pọ́ǹpù epo nígbà kan rí, kí ọmọ iṣẹ́ kan tó rí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti là lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ tẹ́tí sí ìró “ṣíì” láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi omi díẹ̀ wọ́n ibi tí ẹ bá fura sí, kí ó má ṣe kan wáyà iná. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹ má ṣe wọ́n bẹntiróòlù sí i láéláé. Bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ rọ́bà tó lọ sí bíréèkì ló là. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà jáde títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí wọ́n ń pè ní throttle, máa ń kó ẹ̀gbin dúdú jọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tó sì tutù ni kí mẹkáníìkì fi oògùn rẹ̀ àti aṣọ nù ún. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà kí slow tó padà sípò. Pulọ́ọ̀gì náà máa ń jẹ́rìí: bí ó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù tàbí iná rẹ̀ kò dá, bí ó bá tutù fún ọ́ìlì, àìsàn náà ti wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ.

Ọkọ̀ tó ní kabúrétọ̀, bíi Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, ní ìdè tí a fi ń tún slow ṣe, kò sì sí àbùkù nínú yíyí i. Ti ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Ẹni tó bá kàn fi ipá gbé slow sókè ti bo àrùn mọ́lẹ̀ ni; ọkọ̀ á máa mu epo láṣejù, ọkọ̀ olójíà aládàáṣe á sì máa fẹ́ sáré ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ta ló fẹ́ sun epo dànù sínú gosiló?

Ìta gbangba ni kí ẹ ti dán ẹ́ńjìnnì wò, kì í ṣe inú gáréèjì tó tì pa, nítorí èéfín rẹ̀ ní kàbọ́ọ̀nù mónókísáìdì, tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, tó sì ń pani.

Bí ọkọ̀ bá kú lójú títì márosẹ̀, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó ṣì ń yí, ẹ tẹ bíréèkì le gan-an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má ṣe máa fà á. Ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, kí gbogbo èrò bọ́ sí apá ibi tí kò sí ọkọ̀. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ ni 122. Àwọn òṣìṣẹ́ TRACE ti ìpínlẹ̀ wa náà wà lójú ọ̀nà, ẹ lè ké sí wọn.